4294967297: nọ́ńbà tí Fermat gbẹ́kẹ̀ lé, tí 641 sì pín láìṣẹ́ kù

Àkànní_Òǹkà · Ọjọ́bọ̀, 7:42 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni mo gbé wá sáàárín wa lónìí, mo sì fẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò tinú tẹ̀yìn: 4294967297. Bí ẹ bá fẹ́ pè é, bílíọ̀nù mẹ́rin ni, àti mílíọ̀nù ọ̀ọ́dúnrún ó dín mẹ́fà, àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ó lé mẹ́tàdínláàádọ́rin, àti ọ̀ọ́dúnrún ó dín mẹ́ta.

Bó ṣe jáde rèé. 2 lọ́nà 2 jẹ́ 4. 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16. 16 lọ́nà 16 jẹ́ 256. 256 lọ́nà 256 jẹ́ 65536. 65536 lọ́nà 65536 jẹ́ 4294967296. Tí ẹ bá fi 1 lé ọ̀kọ̀ọ̀kan láti orí 2, ẹ ó rí 3, 5, 17, 257, 65537, 4294967297.

Pierre de Fermat, amòfin ará Faransé tó ń ṣiṣẹ́ ilé-ẹjọ́ ní Toulouse, kọ lẹ́tà sí Frenicle de Bessy, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé bíi tirẹ̀, lọ́dún 1640. Ó ní òun gbà pé gbogbo nọ́ńbà tó bá jáde báyìí ni yóò jẹ́ prime, ìyẹn nọ́ńbà tí kò sí ohun tó lè pín in dọ́gba àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Ó sì sọ pé ẹ̀rí rẹ̀ kò tíì tẹ òun lọ́wọ́. Márùn-ún àkọ́kọ́ kò dójú tì í, prime ni wọ́n lóòótọ́. Ẹlẹ́ẹ̀kẹfà ni tiwa yìí. Ní 1729, Christian Goldbach kọ̀wé bi Leonhard Euler bóyá ó ti gbọ́ ohun tí Fermat sọ. Ní 1732, Euler, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tó wà ní St. Petersburg nígbà náà, gbé èsì jáde:

641 × 6700417 = 4294967297

Ohun tó jẹ mí lógún jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé irinṣẹ́ tí èèyàn lè fi rí 641 wà lọ́wọ́ Fermat fúnra rẹ̀. Ní oṣù October ọdún 1640 kan náà ló kọ òfin rẹ̀ nípa prime ránṣẹ́ sí Frenicle kan náà. Tó bá gbé òfin yẹn lé orí nọ́ńbà yìí, iṣẹ́ ìdajì wákàtí ni. Mo fẹ́ ká jọ fi hàn níbí pé òótọ́ ni mo sọ, pé pẹ́ńsù àti ìwé nìkan tó.

Ìyá_Títí_Olùkọ́ · Ọjọ́bọ̀, 8:05 alẹ́

Àkànní, o ṣeun, o ṣeun. Ọmọ SS2 àti SS3 ni mò ń kọ́, ó sì máa ń dùn mọ́ mi tí wọ́n bá rí i pé nọ́ńbà ńlá kì í ṣe ohun ìbẹ̀rù.

Ẹ má wulẹ̀ gbé 4294967297 fúnra rẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù nìkan ni kẹ́ ẹ máa gbé lọ. 256 kò tó 641, nítorí náà 256 náà ni àṣẹ́kù. 256 lọ́nà 256 jẹ́ 65536. 641 lọ́nà 102 jẹ́ 65382. 154 ló ṣẹ́ kù. Ẹ wá fi 154 rọ́pò 65536, torí pé ohun tí 641 máa ṣẹ́ kù sílẹ̀ lára àwọn méjèèjì kò yàtọ̀. 154 lọ́nà 154 jẹ́ 23716. 641 lọ́nà 36 jẹ́ 23076. 640 ló ṣẹ́ kù.

Ó túmọ̀ sí pé tí a bá fi 641 pín 4294967296, 640 ló máa ṣẹ́ kù. Ẹ fi 1 yẹn lé e. 641 pé. Kò ṣẹ́ kù.

Rántí_SS3 · Ọjọ́bọ̀, 8:19 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ mà. Ẹ kú alẹ́ ẹ̀gbọ́n Àkànní. Mo ṣe é síwèé, ó rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ti mọ 641 tẹ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Báwo ni Euler ṣe mọ̀ pé 641 ló yẹ kó gbé yẹ̀ wò? Ṣé ó ń pín in láti 3, 5, 7 lọ ni?

Aṣákẹ́_Ìṣirò · Ọjọ́bọ̀, 9:10 alẹ́

Rántí, ìbéèrè yẹn gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Prime 115 ló wà kí èèyàn tó kan 641. Tó bá jẹ́ pé gbogbo wọn lèèyàn máa gbé yẹ̀ wò níkọ̀ọ̀kan, agara á dá a. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan. Ẹ fara balẹ̀ bá mi bọ̀ níbí, torí pé ibí ni adùn rẹ̀ wà.

Tí mo bá kọ 2^32, 2 méjìlélọ́gbọ̀n tí a fi sọ ara wọn di púpọ̀ ni mo ní lọ́kàn. Nọ́ńbà wa ni 2^32 + 1.

Ká ní prime kan wà tó pín in. Ká pe prime náà ní p. Ẹ wá to 2, 4, 8, 16, 32 lọ bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ fi p pín ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ máa kọ àṣẹ́kù sílẹ̀. Tó bá yá, àṣẹ́kù á di 1, gbogbo rẹ̀ á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí 2, bí ọjọ́ ọjà ṣe máa ń yí padà wá bá ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wá iye ìṣísẹ̀ tó wà nínú ìyípo kan.

Níwọ̀n ìgbà tí p pín 2^32 + 1 láìṣẹ́ kù, a jẹ́ pé 2^32 fúnra rẹ̀ fi 1 dín kó tó pé. Ohun tó fi 1 dín, tí a bá fi í sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ó máa ń fi 1 lé. Nítorí náà 1 ni àṣẹ́kù 2^64. Ìyípo náà ti parí nígbà tó dé 64, kò sì tíì parí nígbà tó dé 32. Iye ìṣísẹ̀ inú ìyípo kan gbọ́dọ̀ pín 64 dọ́gba, kò sì gbọdọ̀ pín 32. Nọ́ńbà tó pín 64 tí kò pín 32, 64 nìkan ṣoṣo ni. Ìṣísẹ̀ 64 gẹ́lẹ́ ló wà nínú ìyípo náà.

Òfin Fermat tí ẹ̀gbọ́n Àkànní mẹ́nu kàn ló kàn báyìí: tí p bá jẹ́ prime tí kì í ṣe 2, tí a bá fi p pín 2^(p−1), 1 ló máa ṣẹ́ kù. Ìyẹn ni pé ìyípo náà gbọ́dọ̀ parí gẹ́lẹ́ nígbà tó bá dé p−1. Nítorí náà 64 gbọ́dọ̀ pín p−1 dọ́gba.

Ó parí. Prime yòówù tó bá máa pín 4294967297, àfi kó jẹ́ 64 lọ́nà nǹkan kan, kí a fi 1 lé e. Ẹ tò wọ́n: 65, 129, 193, 257, 321, 385, 449, 513, 577, 641. Ẹ yọ àwọn tí kì í ṣe prime. Ó ku 193, 257, 449, 577 àti 641. Ẹ gbé wọn gba ọ̀nà Ìyá Títí. 193 ṣẹ́ 109 kù. 257 ṣẹ́ 2 kù. 449 ṣẹ́ 325 kù. 577 ṣẹ́ 288 kù. Ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún ni 641.

Nínú prime 115, mẹ́rin péré ló ṣẹ́ kù láti gbé yẹ̀ wò ṣáájú rẹ̀.

Àkànní_Òǹkà · Ọjọ́bọ̀, 9:26 alẹ́

Aṣákẹ́, ọpọlọ rẹ á máa jí pépé. A tiẹ̀ lè dín in kù sí i. Ní 1878, Édouard Lucas fi hàn pé 128 ló yẹ ká lò dípò 64. Tí a bá to 129, 257, 385, 513, 641, prime méjì péré ló wà níbẹ̀: 257 àti 641.

257 náà kò sì yẹ fún àyẹ̀wò, torí pé ọmọ ìyá nọ́ńbà wa ni. Ẹ sọ 3, 5, 17, 257 àti 65537 di púpọ̀ papọ̀. 4294967295 ló máa jáde, ìyẹn nọ́ńbà wa tó fi 2 dín. Ohun tó bá pín nọ́ńbà wa, tó tún pín ọ̀kan nínú márùn-ún yẹn, gbọ́dọ̀ pín 2 tó wà láàárín wọn. Kò sì sí èyí tó lè pín in, nítorí gbogbo wọn ló tóbi ju 2 lọ. Bí 257 ṣe bọ́ sílẹ̀ nìyẹn, 641 sì di ẹni àkọ́kọ́ tí a máa dán wò.

Kọ́ládé_Kóòdù · Ọjọ́bọ̀, 10:02 alẹ́

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ Aṣákẹ́. Mo gbé òfin Fermat yẹn sínú Python, èdè kọ̀ǹpútà kan, kó gbé 2 dé 4294967296, kó fi 4294967297 pín in, kó sì sọ àṣẹ́kù, báyìí:

pow(2, 4294967296, 4294967297)

1 ló gbé jáde. Ṣé kì í ṣe ohun tí òfin náà ní kí prime ṣe nìyẹn? Báwo ni nọ́ńbà tí 641 pín ṣe wá yege?

Aṣákẹ́_Ìṣirò · Ọjọ́bọ̀, 10:31 alẹ́

Bọ̀dá Kọ́ládé, òfin náà sọ pé gbogbo prime ló máa yege. Kò sọ pé gbogbo ohun tó bá yege ni prime.

Ìdí tí tiwa fi yege kò jìnnà. Ẹ ti rí i pé ìṣísẹ̀ 64 ni 2 ní nínú ìyípo tirẹ̀. 4294967296 ṣeé fi 64 pín dọ́gba, nítorí náà ìyípo náà á parí gẹ́lẹ́ síbẹ̀, 1 á sì jáde. Gbogbo nọ́ńbà ìdílé yìí ló máa ń yege bẹ́ẹ̀ tí ẹ bá fi 2 yẹ̀ wọ́n wò, ìbáà jẹ́ prime ìbáà má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́rìí tó tan mọ́ ẹjọ́ ni 2, ẹ má gba ọ̀rọ̀ rẹ̀.

3 ni kẹ́ ẹ pè wá jẹ́rìí. Àyẹ̀wò kan wà tí a fi orúkọ Pépin pè, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé tó gbé irú rẹ̀ jáde ní 1877. Ẹ jẹ́ ká pe nọ́ńbà ìdílé yìí, yàtọ̀ sí 3 fúnra rẹ̀, ní N. Tí a bá fi N pín 3 tí a gbé dé ìdajì (N−1), prime ni N tí àṣẹ́kù bá jẹ́ N−1, kì í sì í ṣe prime tí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí agbede méjì. Ẹ tẹ pow(3, 2147483648, 4294967297) kẹ́ ẹ wò ó. Ohun tó máa jáde kì í ṣe 4294967296.

Ọ̀nà yìí lágbára gan-an torí pé ó lè dájọ́ láìdárúkọ olùpín kankan. Wọ́n ti mọ̀ pé 2^(2^20) + 1 àti 2^(2^24) + 1 kì í ṣe prime, síbẹ̀ títí di òní kò sẹ́ni tó tíì rí olùpín kan ṣoṣo fún èyíkéyìí nínú wọn.

Kọ́ládé_Kóòdù · Ọjọ́bọ̀, 10:40 alẹ́

Ó yé mi wàyí, o ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ilé iṣẹ́ wa kún un. Àyè bíìtì 32 lórí kọ̀ǹpútà kò lè gba ju 4294967295 lọ. Iye àdírẹ́sì IPv4, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń dá kọ̀ǹpútà mọ̀ lórí ayélujára, tó wà láyé pátá jẹ́ 4294967296. Nọ́ńbà wa fi 2 ju ohun tí àyè náà lè gbà lọ, nítorí náà tí ẹ bá kó o síbẹ̀, ó máa yí po, 1 ló sì máa kù. Ẹ sọ 641 àti 6700417 di púpọ̀ nínú uint32_t ti èdè C, 1 lẹ máa rí.

Èyí tó wúlò jù rèé. Ìsọdipúpọ̀ máa ń yá kọ̀ǹpútà lára ju pínpín lọ. Tí ẹ bá fẹ́ fi 641 pín nọ́ńbà kan tó wọ bíìtì 32, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 6700417 nínú àyè bíìtì 64, kẹ́ ẹ sì mú bíìtì 32 tòkè. Èsì yín nìyẹn, kò ní ṣì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti 0 títí dé 4294967295. Ẹ mú 1000000. Ó di 6700417000000. Bíìtì 32 tòkè jẹ́ 1560. 641 lọ́nà 1560 jẹ́ 999960, 40 ló sì ṣẹ́ kù. Ó pé pérépéré. Pé 641 lọ́nà 6700417 fi 1 péré ju 2^32 lọ ló fà á.

Ọmọ_Awo_Ọ̀ṣogbo · Ẹtì, 6:15 àárọ̀

Ẹ jí ire bí? Mo ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ lóru, ara mi yá gágá, torí pé ìlà tí Àkànní kọ lókè yẹn, 2, 4, 16, 256, ojú ọ̀nà ilé wa ni.

Èso mẹ́jọ ló wà lára ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí sílẹ̀ tàbí kó dojú dé. Mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Apá kan lè jẹ́ oríṣi 16, ojú odù mẹ́rìndínlógún nìyẹn. Apá méjèèjì papọ̀ jẹ́ 16 lọ́nà 16, igba odù ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, 256. Tí a bá da ọ̀pẹ̀lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra, ọ̀nà tó lè gbà jáde jẹ́ 65536. Tí a bá dà á lẹ́ẹ̀mẹrin tẹ̀ léra, èso méjìlélọ́gbọ̀n ló ti ṣubú, ọ̀nà tó lè gbà jáde sì jẹ́ 4294967296 gẹ́lẹ́. Fi 1 kún un, nọ́ńbà tẹ́ ẹ ń sọ náà nìyẹn.

Ìyá_Títí_Olùkọ́ · Ẹtì, 7:02 àárọ̀

Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n. Ọ̀rọ̀ yín rán mi létí ọjọ́ ọjà. Ọjọ́ mẹ́rin ló wà láàárín, a sì ń ka ọjọ́ tòní mọ́ ọn, ó di ọrún. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún, a ka tòní mọ́ ọn, ó di ìtàdógún. 4 di 5, 16 di 17: méjèèjì wà lórí ìlà Fermat, prime sì ni wọ́n.

Ìsán ńkọ́? Ọjọ́ mẹ́jọ, a ka tòní mọ́ ọn, ó di mẹ́sàn-án. 9 kì í ṣe prime, 3 lọ́nà 3 ni. Rántí, ṣé o lè sọ ìdí tí 8 fi já wa kulẹ̀ nígbà tí 4 àti 16 kò ṣe bẹ́ẹ̀?

Rántí_SS3 · Ẹtì, 3:48 ọ̀sán

Ẹ káàsán mà. Mo rò ó nílé ìwé. 8 jẹ́ 2^3. 3 kì í ṣe nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì dọ́gba. Mo wá gbé àwọn mìíràn yẹ̀ wò. 2^5 + 1 jẹ́ 33, 3 pín in. 2^7 + 1 jẹ́ 129, 3 pín in. 2^6 + 1 jẹ́ 65, 5 pín in. 2^12 + 1 jẹ́ 4097, 17 lọ́nà 241 ni. Ó jọ pé tí nọ́ńbà orí 2 bá ti ní olùpín tí kò ṣeé pín sí méjì, yàtọ̀ sí 1, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ìyá_Títí_Olùkọ́ · Ẹtì, 4:10 ìrọ̀lẹ́

O káre, ọmọ mi! Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, a sì lè fi hàn pé kò sí ìgbà tí kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ẹ mú 2^12. 2^4 mẹ́ta tí a sọ di púpọ̀ ni. Tí a bá fi 17 pín 2^4, 1 ló fi dín kó tó pé. Mẹ́ta tó fi 1 dín, tí a bá sọ wọ́n di púpọ̀, á ṣì máa fi 1 dín. Fi 1 lé e, ó pé, 17 pín in. Ohun tó bá jẹ́ mẹ́ta, márùn-ún tàbí méje á ṣe bẹ́ẹ̀. Méjì tàbí mẹ́rin ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí tó fi jẹ́ 1, 2, 4, 8, 16, 32 nìkan ló lè wà lórí 2 nìyẹn, tí ìlà náà fi ń fò láti 65537 bọ́ sórí 4294967297 láìdúró níbì kankan.

Gbádébọ̀_Onígun · Ẹtì, 6:33 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ìdí tí ayé fi mọ ìlà yìí jù. Ní 1796, Carl Friedrich Gauss, ọmọ Jámánì tí kò tíì pé ọdún 19, fi hàn pé rúlà àti kọ́ńpáàsì nìkan tó láti ya àwòrán onígun 17 tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ àti igun rẹ̀ dọ́gba. Kò sẹ́ni tó fi irú prime bẹ́ẹ̀ kún ohun tó ṣeé yà láti ayé àwọn Gíríìkì àtijọ́. Nígbà tó di 1837, tí Pierre Wantzel parí apá tó kù, òfin náà ti pé: tí iye igun kò bá ṣeé pín sí méjì, àfi kó jẹ́ prime ìdílé Fermat, tàbí àwọn tó yàtọ̀ síra nínú wọn tí a sọ di púpọ̀ papọ̀.

Márùn-ún péré la mọ̀ títí di òní. Àkànní ti sọ ohun tó máa jáde tí a bá sọ wọ́n di púpọ̀: 4294967295. Nínú àwọn iye igun tí kò ṣeé pín sí méjì, èyí tó tóbi jù tí a mọ̀ pé rúlà àti kọ́ńpáàsì lè yà nìyẹn. Tí igun bá sì jẹ́ 4294967297, 2 péré ló fi ju ìyẹn lọ, kò ṣeé yà láéláé. 641 ló dí i lọ́nà.

Tánímọ̀lá · Ẹtì, 8:20 alẹ́

Ẹ kú àpérò. 6700417 ńkọ́? Gbogbo yín ń pariwo 641. Báwo la ṣe mọ̀ pé òun náà kò ní olùpín?

Àkànní_Òǹkà · Ẹtì, 8:57 alẹ́

Tánímọ̀lá, ìrànlọ́wọ́ kan náà ló tún máa bá wa ṣe é. Prime yòówù tó bá pín 6700417 ti pín 4294967297 nìyẹn, nítorí náà àfi kó jẹ́ 128 lọ́nà nǹkan kan, kí a fi 1 lé e. A kò sì ní láti wá kọjá 2588, torí pé 2589 lọ́nà ara rẹ̀ ti ju 6700417 lọ. Prime tó wà ní ìrísí yẹn láàárín ibẹ̀ kò ju márùn-ún lọ: 257, 641, 769, 1153 àti 1409. A ti yọ 257 kúrò. 641 ṣẹ́ 44 kù, 769 ṣẹ́ 120 kù, 1153 ṣẹ́ 334 kù, 1409 ṣẹ́ 622 kù.

Prime ni. Pínpín mẹ́rin péré, ọ̀rọ̀ ti parí. Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ rèé: Fermat ní ohun gbogbo tó nílò láti rí 641.

Gbádébọ̀_Onígun · Ẹtì, 9:30 alẹ́

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí a lè fi mọ̀ pé 4294967297 kì í ṣe prime, tí a kò ní pín nǹkan kan rárá. Euler fi hàn pé tí prime bá jẹ́ àròpọ̀ méjì nínú àwọn nọ́ńbà tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn, ọ̀nà kan ṣoṣo ló lè gbà jẹ́ bẹ́ẹ̀. 65536 lọ́nà ara rẹ̀, tí a fi 1 lọ́nà 1 kún, ojú rẹ̀ lásán ti fi ọ̀nà kan hàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí:

62264 × 62264 = 3876805696
20449 × 20449 = 418161601

Ẹ ro méjèèjì pọ̀. 4294967297. Ọ̀nà kejì dé, prime ti lọ.

Orísun àwọn nọ́ńbà yẹn ló wù mí jù. 641 jẹ́ 25 lọ́nà 25 àti 4 lọ́nà 4. 6700417 jẹ́ 2556 lọ́nà 2556 àti 409 lọ́nà 409. Ẹ wá fi wọ́n kọ́ ara wọn lọ́wọ́: 25 lọ́nà 2556 jẹ́ 63900, 4 lọ́nà 409 jẹ́ 1636. Ẹ rò wọ́n pọ̀, 65536. Ẹ yọ ọ̀kan nínú èkejì, 62264. Bákan náà, 25 lọ́nà 409 jẹ́ 10225, 4 lọ́nà 2556 jẹ́ 10224. Ẹ rò wọ́n pọ̀, 20449. Ẹ yọ ọ̀kan nínú èkejì, 1. Ọ̀nà méjèèjì ti wà nínú olùpín méjèèjì látilẹ̀.

Aṣákẹ́_Ìṣirò · Ẹtì, 10:12 alẹ́

25 àti 4 tí ẹ̀gbọ́n Gbádébọ̀ mẹ́nu kàn yẹn tún gbé ẹ̀rí kan wá, òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Ọ̀nà méjì la lè gbà wo 641: 640 + 1 ni, 625 + 16 sì ni.

Ẹ fi 2^28, ìyẹn 268435456, sọ 641 di púpọ̀: 172067127296. Ẹ fi 640 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ kó di mẹ́rin, kẹ́ ẹ yọ 1: 167772159999. 641 pín ti àkọ́kọ́, kò sí àníàní. Ó pín ti ìkejì náà, torí pé 640 fi 1 dín kó tó di 641, mẹ́rin tó fi 1 dín á sì fi 1 lé, ẹ sì ti yọ 1 yẹn. Ẹ wá yọ kékeré nínú ńlá:

172067127296 − 167772159999 = 4294967297

Ẹ kò béèrè ohun kankan lọ́wọ́ nọ́ńbà ńlá náà. 641 fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ.

Ọmọ_Awo_Ọ̀ṣogbo · Àbámẹ́ta, 6:40 àárọ̀

Kí ló wá lẹ́yìn rẹ̀? Tí a bá da ọ̀pẹ̀lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹjọ, tí a fi 1 kún un, ṣé prime ni?

Àkànní_Òǹkà · Àbámẹ́ta, 8:15 àárọ̀

Bàbá, ẹ káàárọ̀. 18446744073709551617 nìyẹn, kì í ṣe prime. Fortuné Landry ará Faransé ló pín in ní 1880, nígbà tó ti pé ẹni ọdún 82: 274177 lọ́nà 67280421310721. Láti tiwa yìí lọ títí dé 2^(2^32) + 1, gbogbo wọn la ti mọ̀ pé wọn kì í ṣe prime. 2^(2^33) + 1 ni àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì lè dájọ́ rẹ̀.

Rántí_SS3 · Àbámẹ́ta, 11:52 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, gbogbo ẹ̀gbọ́n mi. Mo gbé 274177 gba ọ̀nà Ìyá Títí. 65536 kò tó o, nítorí náà 65536 náà ni àṣẹ́kù. 65536 lọ́nà ara rẹ̀ jẹ́ 4294967296. 274177 lọ́nà 15664 jẹ́ 4294708528. 258768 ló ṣẹ́ kù. Ìyẹn fi 15409 dín kó tó pé, mo sì fi 15409 ṣe é torí pé ó kéré. 15409 lọ́nà ara rẹ̀ jẹ́ 237437281. 274177 lọ́nà 865 jẹ́ 237163105. 274176 ló ṣẹ́ kù. Mo fi 1 lé e, ó pé.

Mo tún yẹ ìrísí rẹ̀ wò. 128 di 256 fún eléyìí, àbí? 256 lọ́nà 1071 jẹ́ 274176.

Aṣákẹ́_Ìṣirò · Àbámẹ́ta, 12:06 ọ̀sán

256 ni, Rántí. Ó tọ̀nà láti òkè délẹ̀.